Bàtà Funfun Inú Fọ́tò

Kí Adébùsọ́lá Fágbóhùn tó bọ́jú ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú yẹn, ó ti ka búlọ́ọ̀gù Ayọ̀mípọ̀sí tán lẹ́ẹ̀mejì. Orí ibùsùn ni ó ṣì wà nínú yàrá kan ṣoṣo tí ó háyà ní Àrámọkọ. Ojú rẹ̀ kò tíì là dáadáa, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ti là. Àdúrà òwúrọ̀ ń dúró dè é, omi ìwẹ̀ ń dúró dè é, ohun tí ó sì kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni iye ènìyàn tí ó ka ohun tí Ayọ̀mípọ̀sí gbé jáde lánàá.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá.

Ó tún un wò, bóyá oorun ni ó ń tan òun jẹ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá náà ni. Fọ́tò ìyá àgbà kan tí ó ń la kòkó ni Ayọ̀mípọ̀sí gbé síbẹ̀, ìlà márùn-ún péré ni ó sì kọ sí abẹ́ rẹ̀.

"Ìlà márùn-ún!" Bùsọ́lá ń bá ìrọ̀rí sọ̀rọ̀. "Èmi tí mo kọ odidi ojú ìwé mẹ́ta lórí àrùn tí ń mú kòkó dúdú lórí igi ńkọ́?"

Ó ṣí búlọ́ọ̀gù tirẹ̀. Ènìyàn mọ́kànlélógún ni ó ti kà á. Méjì nínú wọn, òun fúnra rẹ̀ ni. Ó fi fóònù rẹ̀ kà á, ó sì tún fi kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ kà á.

Fóònù dún sí i lọ́wọ́. "Màámi" ni ó hàn lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Bùsọ́lá ti wọ inú kọ́mẹ́ǹtì àwọn ènìyàn lọ jìnnà, ó ti dé ibi tí ọkùnrin kan láti ìlú òyìnbó ti kọ ọ́ pé Ayọ̀mípọ̀sí mú kí omijé bọ́ lójú òun nítorí ilé. Ó tẹ ìpè náà pa. Ó tún dún, ó tún tẹ̀ ẹ́ pa. Nígbà tí ó dún lẹ́ẹ̀kẹta, ó pòṣé.

"Màámi náà! Ọ̀rọ̀ ìpàdé àwọn ìyá ìjọ náà ni wọ́n fẹ́ sọ. N ó pè wọ́n lọ́sàn-án."

Ọ̀sán dé, ọ̀sán kọjá, kò pè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin méjèèjì yìí ṣe jẹ́, nítorí ìlara kì í ṣàdédé hù. Ọmọ Erìjìyàn ni wọ́n, àdúgbò kan náà ni wọ́n gbé dàgbà, bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n sì jókòó sí títí wọ́n fi jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Bùsọ́lá ni ó mọ̀wé. Bí ó bá gba ipò kìíní, Pọ̀sí á gba ipò kọkàndínlógún, á sì máa bá a jó bí ẹni pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gbà á. Nígbà tí ó yá, Bùsọ́lá wọ yunifásítì, ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun ọ̀gbìn, ó sì ríṣẹ́ sí Àrámọkọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gun alùpùpù tí wọ́n ń pè ní máṣíìnì kiri abúlé, kí ó máa kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí a ti ń tọ́jú kòkó, ẹ̀gẹ́ àti iṣu. "Ọmọ àgíríìkì" ni àwọn àgbẹ̀ ń pè é. Pọ̀sí ní tirẹ̀ ránṣọ fún ọdún díẹ̀ ní Adó, iṣẹ́ náà kò rọgbọ, ó sì padà sílé wá bá ìyá rẹ̀ nídìí kòkó.

Ohun tí ó ń dun Bùsọ́lá jù nìyí: òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ Pọ̀sí bí a ti ń ṣí búlọ́ọ̀gù. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, lọ́jọ́ Sátidé kan, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá Bùsọ́lá, ni wọ́n jọ ṣí tiwọn. Bùsọ́lá pe tirẹ̀ ní "Ìmọ̀ Ọ̀gbìn Òde Òní." Kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, kí àwọn ènìyàn lè rò pé iléeṣẹ́ ńlá kan ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Pọ̀sí pe tirẹ̀ ní "Kòkó Ulé."

Bùsọ́lá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. "'Ulé' kẹ̀? Ṣé o kò lè kọ 'ilé' bí àwọn ọ̀mọ̀wé ni? Ta ni yóò ka irú rẹ̀?"

Gbogbo ayé ni ó kà á.

Pọ̀sí kò ṣe ju kí ó ya fọ́tò àwọn ìyá àgbà lóko, kí ó kọ ohun tí wọ́n wí gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe wí i. Àwọn ọmọ Èkìtì tí wọ́n wà lókè òkun rí i, wọ́n ń pín in kiri. Àwọn ìyá olóko kòkó ní Erìjìyàn kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́, wọ́n ń kó kòkó wọn sí sítọ́ọ̀ kan náà lẹ́bàá títì, wọ́n sì fi Pọ̀sí ṣe akọ̀wé wọn. Ìyá Bùsọ́lá wà nínú ẹgbẹ́ náà. Nígbàkígbà tí Bùsọ́lá bá délé, orúkọ Pọ̀sí kì í wọ́n lẹ́nu ìyá rẹ̀. "Pọ̀sí ní ká ṣe báyìí. Pọ̀sí ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀." Ohun tí Pọ̀sí ní kí wọ́n ṣe yìí, ó wà nínú búlọ́ọ̀gù Bùsọ́lá, ní ojú ìwé kẹta, níbi tí ẹnikẹ́ni kò kà dé. Ẹ ò rí i pé ó dùn ún.

Bí ó ti dé ibi iṣẹ́ ní Ọjọ́rú yìí, kò tíì gbé àpò sílẹ̀ tí Dèjì, ẹni tí wọ́n jọ ń lo tábìlì, fi bẹ̀rẹ̀.

"Bùsọ́lá, o ò gbọ́ nǹkan! Obìnrin kan tí ó ń ṣe ṣokoléètì ní Ìbàdàn ń bọ̀ ní Erìjìyàn yín ní Sátidé. Arábìnrin Rónkẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ó ní òun fẹ́ ra gbogbo kòkó ẹgbẹ́ àwọn ìyá yẹn, òun á sì máa rà á lọ́dọọdún. Orí búlọ́ọ̀gù ọ̀rẹ́ rẹ ni ó ti rí wọn. Ọmọ yẹn mà gbayì o! Kì í sì í ṣe pé ó ka àgíríìkì."

"Ó dára," ni Bùsọ́lá wí.

"Ó yẹ kí ọ̀gá pè é wá kọ́ àwa náà," ni Dèjì tún sọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bùsọ́lá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín nìkan ni ó rẹ́rìn-ín. Òun tí ó ń kàwé títí òru fún odindi ọdún márùn-ún! Òun tí òjò ń pa lórí máṣíìnì! Owú ń jẹ ẹ́ débi pé kò lè jẹ àkàrà tí ó rà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń ti ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ kan bọ̀, ọ̀nà Erìjìyàn ni ó sì gbà padà. Kí ó tó wọ ìlú, lọ́ọ̀ọ́kán sítọ́ọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ó rí kòkó tí wọ́n sá sí etí títì. Wọ́n tẹ́ bánà àtijọ́ kan sábẹ́ rẹ̀, irú èyí tí àwọn ará ilé máa ń lẹ̀ mọ́ ara ilé nígbà ìsìnkú, tí wọ́n á sì sọ di ẹní kòkó bí ìsìnkú bá parí. Bánà náà kò gba kòkó. Èyí tí ó pọ̀ ti dà sórí ọ̀dà lásán, táyà mọ́tò ti gba àárín àwọn kan kọjá.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ kòkó mọ̀ pé èèwọ̀ ni èyí. Kòkó tí ó sùn lórí ọ̀dà á gba òórùn ọ̀dà àti ti epo mọ́tò sára, aṣokoléètì kò sì ní fi ọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ Bùsọ́lá gan-an ni láti dúró, kí ó wá olóko náà rí, kí ó bi í léèrè, kí ó sì gbà á nímọ̀ràn. Ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ ṣí sílẹ̀; ohùn àwọn ènìyàn ń jáde láti inú rẹ̀. Ìṣísẹ̀ ogún kò jù.

Bùsọ́lá dúró lóòótọ́. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó yọ fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ya fọ́tò kan ṣoṣo, kí ọwọ́ rẹ̀ sì tó balẹ̀, ó ti gun máṣíìnì lọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti gbé e sí orí búlọ́ọ̀gù. Lọ́tẹ̀ yìí, òun náà kọ ìlà márùn-ún. Ó kọ ọ́ pé, "Ẹni tí ó ń fi kòkó Erìjìyàn yangàn lórí ayélujára, ibi tí ó ń sá a sí rèé. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ṣe ṣokoléètì, ẹ kú oríire ọ̀dà jíjẹ." Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣé ó yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dárúkọ ológìnní kí èkúté tó mọ ẹni tí à ń sọ?

Pọ̀sí pè é lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò gbé e. Pọ̀sí kọ̀wé sí i pé: "Bùsọ́, jọ̀wọ́ wo fọ́tò yẹn dáadáa. Pè mí."

"Ẹ̀bẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀," ni Bùsọ́lá wí, ó sì sùn bí ọmọ titun.

Nígbà tí yóò fi di òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ènìyàn ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ti kà á. Nígbà tí ó jẹun ọ̀sán tán, ó ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Inú rẹ̀ dùn, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Bí ó bá ń rìn, ó ń yọ fóònù. Bí ó bá ń bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ wà nínú àpò. Àwọn ènìyàn ń bú Pọ̀sí, wọ́n ń pè é ní gbájú-ẹ̀. Àwọn kan náà tí wọ́n ń pè é ní ọmọ àmúyangàn lọ́jọ́ Túsìdeè ni. Pọ̀sí kò fèsì kankan. Ìdákẹ́ rẹ̀ ni ó tún dà bí ẹ̀rí fún Bùsọ́lá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá pè é.

"Àwọn ìyá oníkòkó Erìjìyàn fẹ́ kí ẹnìkan láti ọ́fíìsì wá bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́la lórí bí a ti ń sá kòkó. Ó dà bí ẹni pé wàhálà kan ṣẹlẹ̀, oníṣokoléètì yẹn ní òun ò wá mọ́. Ìwọ ni ọmọ ìlú. Lọ bá wọn sọ ọ́."

Bùsọ́lá fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Òun ni yóò dúró, Pọ̀sí ni yóò jókòó! Ó lọ aṣọ rẹ̀ lálọ-tún-lọ. Ó kọ ohun tí yóò sọ sórí ìwé, ó sì kọ́ ọ sórí níwájú dígí, pàápàá ibi tí yóò ti sọ pé, "Ìmọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi fọ́tò rà."

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nígbà tí ó wọ sítọ́ọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ìyá bí ogún ti jókòó lórí àpò kòkó àti àpótí. Ó kúnlẹ̀ kí wọn. "Ọmọ àgíríìkì wa dé o! Káàbọ̀, ọmọ ire," ni wọ́n ń wí. Pọ̀sí wà nídìí ògiri pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ lórí ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ìyá Bùsọ́lá jókòó lẹ́yìn pátápátá. Ó di nǹkan kan mú lórí itan bí ìgbà tí ènìyàn gbé ọmọ sùn. Ó kí ọmọ rẹ̀ lóhùn jẹ́jẹ́, kò sì dìde.

Ìyá Ayọ̀bọ́lá, tí í ṣe alága wọn, gbé ọwọ́ sókè. "Kí o tó kọ́ wa, ọmọ mi, nǹkan kan wà tí a fẹ́ kọ́kọ́ parí. Pọ̀sí, gbé fóònù yẹn wá, kí ọmọ àgíríìkì náà wò ó. Fẹ ibẹ̀ yẹn kó tóbi."

Pọ̀sí kò fẹ́ gbé e. Alága fúnra rẹ̀ ni ó gbà á, tí ó sì nà án sí Bùsọ́lá. Fọ́tò Bùsọ́lá ni. Ó ti wò ó nígbà ọgọ́rùn-ún. Rárá, iye àwọn tí ó ń kà á ni ó ń wò. Ní ìsàlẹ̀, lápá òsì, afẹ́fẹ́ ti ṣí igun bánà náà padà, àwòrán inú rẹ̀ sì yọjú díẹ̀. Etí agbádá aláró ni. Ẹsẹ̀ kan yọ lábẹ́ rẹ̀. Bàtà kánfáàsì funfun ni ó wà lẹ́sẹ̀ náà.

"Ta ni kò mọ bàtà yìí ní Erìjìyàn?" ni Ìyá Ayọ̀bọ́lá wí.

Bùsọ́lá náà mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ̀ nìkan ni ó ń wọ kánfáàsì funfun sí agbádá ní gbogbo ìlú. Kókósẹ̀ ń dùn ún, kò lè wọ bàtà aláwọ, kánfáàsì náà ni ó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ni ó wọ̀ lọ sí ààfin. Nígbà tí ó kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, tí wọ́n fẹ́ ṣe bánà ìsìnkú, ayàwòrán ní kí òun gé ẹsẹ̀ náà kúrò kí ó lè wuyì. Ìyá Bùsọ́lá kọ̀. Ó ní, "Bí ẹ bá gé bàtà rẹ̀, kì í ṣe òun mọ́ nìyẹn."

Ìyá rẹ̀ dìde lẹ́yìn. Ohun tí ó wà lórí itan rẹ̀, bánà náà ni, ó ti ká a dáadáa.

"Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi," ó ní, "kòkó tèmi ni. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Ulẹ̀ sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìn ulé mi ni ó là sí méjì ní òru Túsìdeè, omi ń sun lábẹ́ rẹ̀, kòkó mi sì ti jáde nínú ewé tí mo fi bò ó, ó ti ń gbóná, yóò bàjẹ́ bí n kò bá sá a. Mo pe ọmọ mi kó sọ fún mi ohun tí n ó ṣe. N kò bá a. Mo ní iṣẹ́ ìjọba ni ó ń ṣe, mo fi í sílẹ̀. Mo kó o wá síbí, ibi tí ẹgbẹ́ ń sá kòkó sí ti kún. Mo bá ní kí n tẹ́ bánà baba wọn sí etí títì títí di ìrọ̀lẹ́. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, nítorí n kò lè da kòkó lé ọkọ mi lójú. Èmi ni mo ba iṣẹ́ yín jẹ́. Ẹ dárí jì mí."

Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Àwọn ìyá kígbe, "Rárá o! Ẹ má kúnlẹ̀!"

Pọ̀sí ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dì í mú. "Yèyé, ẹ jókòó. Mo ti sọ fún Arábìnrin Rónkẹ́ pé ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo ń mójú tó kòkó sísá. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ gbọ́ orúkọ yín nínú rẹ̀."

"Ìwọ kọ́, ọmọ mi. O kò mọ̀ nígbà tí mo sá a." Ìyá Bùsọ́lá nu ojú. "Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ya fọ́tò yìí ni mò ń rò. Ilẹ̀kùn yìí ṣí sílẹ̀, a wà níhìn-ín. Kò yà bi wá pé, 'Ta ló ni kòkó yìí? Kí ló dé?' Ó rí i, ó sì lọ kéde wa fáyé. Mo dúpẹ́ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tèmi. Bí ó bá jẹ́ Bùsọ́lá tèmi ni ó kọjá, á dúró, á bá mi kó o kúrò nílẹ̀."

Pọ̀sí wo Bùsọ́lá lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé ojú kúrò. Bùsọ́lá mọ ohun tí ìwò náà túmọ̀ sí. Pọ̀sí nìkan ni ó mọ ẹni tí ó ni búlọ́ọ̀gù náà nínú gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀. Ó ti mọ̀ láti alẹ́ Ọjọ́rú. Ó ti rí bàtà náà láti alẹ́ Ọjọ́rú. Ó lè kọ ìlà kan ṣoṣo kí ó sì dá ara rẹ̀ láre lójú gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ó fi ara rẹ̀ gba èébú nítorí ìyá ẹlòmíràn.

Ìwé ọ̀rọ̀ tí Bùsọ́lá kọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá kà á, tí ó kúnlẹ̀, tí ó sì gun máṣíìnì rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ tán. Ìyá rẹ̀ á máa fi í yangàn títí ayé. Ahọ́n rẹ̀ ti ń wá ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lórí ìwé náà pàápàá. Ṣùgbọ́n ó tún ojú wo bánà tí ìyá rẹ̀ dì mọ́ra, ojú sì tì í gidigidi.

Ó kúnlẹ̀. "Màámi, èmi ni."

Wọn kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó tún un wí, tòun tẹkún. "Èmi ni mo yà á. Èmi ni mo kọ ọ́. N kò mọ̀ pé tiyín ni. Pọ̀sí ni mo rò pé mo rí mú. Mò ń jowú rẹ̀. Láti ọdún méjì ni mo ti ń jowú rẹ̀."

Ariwo sọ. Àwọn kan ká ọwọ́ lé orí. Ìyá kan ní, "Háà, ọmọ àgíríìkì!" Bùsọ́lá kò gbọ́ gbogbo ìyẹn. Ìyá rẹ̀ ni ó ń wò. Ìyá rẹ̀ kò pariwo, kò sì bú u. Ó jókòó padà díẹ̀díẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ lórí bánà náà, ó sì sọ gbólóhùn kan péré.

"Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, Bùsọ́lá ti gbọ́ èébú rí, wọ́n ti nà án rí nílé ẹ̀kọ́. Kò sí èyí tí ó dùn ún tó gbólóhùn yẹn.

Níbẹ̀, níwájú gbogbo wọn, ó yọ fóònù, ó sì kọ òtítọ́ sórí búlọ́ọ̀gù rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i: Adébùsọ́lá Fágbóhùn, ọmọ Erìjìyàn. Ó kọ ọ́ pé ẹnìkan ni ó sá kòkó sí títì lọ́jọ́ kan, pé ìyá òun ni, pé kò rí ẹni bi léèrè nítorí òun kò gbé fóònù, àti pé Ayọ̀mípọ̀sí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ènìyàn ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ni ó ka irọ́. Irinwó kò pé tí ó ka òtítọ́, èyí tí ó pọ̀ nínú wọn ni ó sì fi èébú lé e. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, kì í ṣe é ṣà.

Arábìnrin Rónkẹ́ kò wá lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Pọ̀sí àti Bùsọ́lá fi bẹ̀ ẹ́, Bùsọ́lá tún lọ bá a ní Ìbàdàn. Nígbà tí ó wá, ó fi ọ̀bẹ la wóró kòkó nínú àpò kọ̀ọ̀kan, ó gbóòórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ra ti gbogbo ẹgbẹ́. Àpò méjì péré ni ó ní òun kò mú. Ti ìyá Bùsọ́lá ni méjèèjì. Àwọn tí ń ra kòkó kiri ni wọ́n gbé e lọ ní owó pọ́ọ́kú, ìyá náà sì ń ka àpò àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń gbé wọn sínú ọkọ̀.

Bùsọ́lá sọ fún Pọ̀sí lọ́jọ́ náà pé, "Jọ̀wọ́, má bínú sí mi."

Pọ̀sí ní, "N kò bínú mọ́, Bùsọ́. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbàgbé. Ní sùúrù fún mi." Ó tún ní, "Ojú ìwé mẹ́ta tí o kọ lórí kòkó dúdú yẹn, mo kà á tán nígbà náà. Inú rẹ̀ ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mò ń sọ fún àwọn ìyá."

Nínú ènìyàn mọ́kànlélógún tí ó fojú kéré, ẹni tí ó ń bá jà lọ́kàn wà níbẹ̀, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Sátidé mẹ́rin ni ó fi wà ní ẹ̀yìn ilé ìyá rẹ̀. Ó fọ́ ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì àtijọ́ kúrò, ó gbẹ́ ojú omi sí ẹ̀gbẹ́, ó bá bíríkìlà po yanrìn, wọ́n sì tún un ṣe. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè tí ó tẹ̀lé e, ó wà lẹ́nu iṣẹ́, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, búlọ́ọ̀gù "Kòkó Ulé" ni ó ṣí, ó ń kọ kọ́mẹ́ǹtì ìyìn sí i pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀. "Màámi" hàn lójú fóònù. Kò jẹ́ kí ó dún lẹ́ẹ̀mejì.

"Màámi, mò ń gbọ́ o! Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ulẹ̀ sìmẹ́ǹtì ti gbẹ. Mo ní kí n sọ fún ọ ni."

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kàwé yìí, fóònù kò burú, búlọ́ọ̀gù kò sì burú. Owú ni ó burú, nítorí kì í jẹ́ kí ènìyàn wo ohun tí ó ń wò dáadáa. Bí o bá rí àléébù ẹnì kejì, yà lọ bi í léèrè kí o tó kéde rẹ̀. Ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Bí a bá sì ń wá ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kiri nínú fọ́tò, kí á rọra, kí á má bàa bá bàtà baba wa níbẹ̀.